Ta Ni Ó Pa Àlọ́ Náà?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a ń fi bí a ti ń wá ìwé nínú àwọn ilé-ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì han àwọn ọmọ ilé-ìwé wa. Fóònù kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wa, àwọn ọmọ sì rọ̀gbà yí i ká gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń yáná ní àsìkò ọyẹ́. Ìwé kan tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854 ni a ṣí, ìwé tí ó kún fún òwe àti àlọ́ àwọn ará Bọ̀rnú ní èdè Kànúrí. A sọ fún wọn pé, gẹ́gẹ́ bí kátálọ́ọ̀gù ilé-ìkàwé ti wí, Koelle ni orúkọ ẹni tí ó ni ìwé náà. Nígbà náà ni ọmọ kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nawọ́ sókè, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òyìnbó náà ni ó pa àwọn àlọ́ wọ̀nyí ni?”

A kò rí èsì fún un ní ọjọ́ náà, a kò sì fẹ́ purọ́. A ní kí ó fún wa ní àyè kí a lọ wádìí. Ohun tí a rí nínú ìwádìí náà ni a fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ń ka ìwé ọdọọdún yìí. Ní kúkúrú, òun nìyí: ẹni méjì ni ó máa ń wà nídìí àlọ́ tí a bá bá nínú ìwé àtijọ́, ẹni tí ó pa á àti ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ilé-ìkàwé a máa rántí ẹnì kejì, wọn a sì máa gbàgbé ẹnì kìíní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wá ẹnì kìíní náà yóò rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ yóò sì dùn bí ti ẹni tí ó rí ẹbí rẹ̀ tí ó ti sọnù.

Ó tọ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ṣe dé ọwọ́ olùkọ́ tí ó wà ní ìletò. Nígbà àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-ìkàwé ńlá kan, bóyá ní òkè òkun pàápàá, kí ó sì gba ìwé-àṣẹ kí wọn tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ní ọdún 1971 ni Michael Hart bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ Project Gutenberg ní Amẹ́ríkà, láti máa fi ìwé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà kí gbogbo ènìyàn lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Internet Archive tẹ̀lé e ní ọdún 1996. Ní ọdún 2004 Google bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ojú-ewé àwọn ìwé inú ilé-ìkàwé ńláńlá, nígbà tí ó sì di ọdún 2008 àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà para pọ̀ dá HathiTrust sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé àlọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí a tẹ̀ ṣáájú ọdún 1900 ni ó ti wà níbẹ̀ báyìí. Nítorí pé àṣẹ òǹkọ̀wé lórí wọn ti parí, kò sí ẹni tí yóò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kà wọ́n.

Ṣùgbọ́n bí àká bá kún fún iṣu, tí kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí a gbé kó èyí tí a ń wá sí, ebi yóò pa ará ilé. Kátálọ́ọ̀gù ni ó ń sọ fún wa ohun tí ilé-ìkàwé ní àti ibi tí ó wà. Ní ọdún 1876 ni Melvil Dewey tẹ ètò tirẹ̀ jáde, èyí tí ó fún ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà àlọ́ àti ìtàn àtẹnudẹ́nu nínú ètò náà sì ni 398.2. Ètò rere ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí kátálọ́ọ̀gù máa ń béèrè nípa ìwé. Yóò béèrè pé, Kí ni orúkọ ìwé yìí? Ta ni ó kọ ọ́? Níbo ni a ti tẹ̀ ẹ́, ní ọdún wo? Kì í béèrè pé, Ta ni ó jókòó ní alẹ́ tí ó ń pa àlọ́ náà kí akọ̀wé tó mú kálámù? Àwọn tí ó ṣe ètò náà kò ní èrò búburú sí wa. Ìwé tí ọwọ́ ẹnì kan kọ ni wọ́n mọ̀, wọn kò gbé ètò wọn kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu ẹnì kan bọ́ sí etí ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìwé Koelle. Sigismund Wilhelm Koelle jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, Ẹgbẹ́ C.M.S. ni ó sì rán an lọ sí Sàró. Ní ọdún 1847 ni ó dé ibẹ̀, ó sì ń kọ́ni ní Fourah Bay, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tí Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1827. Sàró ìgbà náà dàbí ọjà tí gbogbo èdè Áfíríkà pàdé sí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn ẹrú tí wọ́n bá gbà lójú òkun lọ láti dá wọn sílẹ̀. Koelle ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ èdè wọn, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ èdè tí ó ju 100 lọ sínú ìwé ńlá kan ní ọdún 1854. Ní ọdún kan náà ni ìwé òwe àti àlọ́ Kànúrí jáde.

Ẹni tí ó kọ́ Koelle ní èdè Kànúrí, tí ó sì jẹ́ olórí àwọn tí ń sọ ìtàn fún un, ni Ali Eisami. Kátálọ́ọ̀gù kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Koelle kò fi í pamọ́: orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé náà, ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ Gazir ní ilẹ̀ Bọ̀rnú ni, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀sìn Ìmàle. Ogun àwọn Fúlàní tú ilẹ̀ wọn ká, a mú Ali Eisami lẹ́rú, a tà á, a tún un tà, títí ó fi dé ìlú kan tí àwọn Hausa ń pè ní Katunga. Nígbà tí a ka orúkọ yìí, ẹnu yà wá, nítorí Katunga kì í ṣe ibòmíràn bí kò ṣe Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú Aláàfin ayé àtijọ́. Ẹni tí a rò pé ará òkèèrè ni ti sin olówó rẹ̀ nínú ìlú àwọn baba wa.

Ní ọdún 1817 Afọ̀njá ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin, àwọn ẹrú tí ó bá sì sá tọ̀ ọ́ lọ a máa di òmìnira. Ẹ̀rù ba olówó Ali Eisami pé òun náà yóò sá lọ, ó sì tà á sí ìhà òkun. Wọ́n kó o sínú ọkọ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú omi, wọ́n sì mú un dé Sàró ní ọdún 1818, níbi tí a ti sọ ọ́ ní William Harding. Ẹ rò ó wò: ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni ogun mú Àjàyí ní Òṣogùn, ọ̀nà kan náà ni òun pẹ̀lú sì gbà dé Sàró ní ọdún 1822. Ìjì kan náà ni ó gbé àwọn méjèèjì. Ọ̀kan di Bíṣọ́ọ̀bù, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n. Èkejì jókòó pẹ̀lú Koelle ní ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́yìn tí ó kúrò nílé, ó sì ń pa àlọ́ tí ó gbọ́ nígbà èwe rẹ̀ ní èdè tí a fi bí i. Ogun ti gba ilé rẹ̀, ẹrú ṣíṣe ti gba ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, orúkọ mìíràn sì ti bo orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àlọ́ náà kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1967 àwọn òpìtàn tún ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ tẹ̀ nínú ìwé kan tí Philip Curtin ṣe olóòtú rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Ali Eisami gan-an ṣe àkọlé rẹ̀. Ọdún 113 ni ó gbà kí orúkọ náà tó dé ibi àkọlé.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní Sàró, kí a sì lọ sí Natal ní Gúúsù Áfíríkà, nítorí ìjọ Áńgílíkà ni ọ̀rọ̀ ti ibẹ̀ náà kàn, ó sì sún mọ́ iṣẹ́ wa gan-an. Henry Callaway jẹ́ àlùfáà àti oníṣègùn. Ní ọdún 1858 ni ó dá ibùdó míṣọ̀n kan sílẹ̀ ní Springvale, ó sì ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé níbẹ̀. Láti ibi ìtẹ̀wé míṣọ̀n yìí ni ìwé àlọ́ àwọn Súlù ti jáde ní ọdún 1868. Ọ̀rọ̀ Súlù wà ní apá kan ojú-ewé, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà ní apá kejì, kí ọmọ Súlù lè rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bí a ti sọ ọ́. Níbẹ̀ ni a ti pàdé Uhlakanyana, ẹni kúkúrú kan tí ó ti ń sọ̀rọ̀ kí a tó bí i, tí kò sì sí ẹni tí kò lè tàn jẹ. Ẹni tí ó bá mọ Ìjàpá kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín nígbà tí ó bá ń ka ìwà rẹ̀.

Àwa jẹ́ olùkọ́ ìjọ, nítorí náà ohun tí ó fà wá mọ́ra jù lọ nínú iṣẹ́ Callaway ni pé olùkọ́ ìjọ bí tiwa ni ọ̀kan nínú àwọn tí ń sọ̀rọ̀ fún un. Mpengula Mbanda ni orúkọ rẹ̀. Ó wà lára àwọn ọmọ Súlù àkọ́kọ́ tí a fi jẹ díákónì nínú ìjọ Áńgílíkà, ní oṣù kejìlá ọdún 1871. Orúkọ rẹ̀ wà nínú àwọn ìwé Callaway, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó sọ. Bákan náà ni orúkọ obìnrin kan wà lábẹ́ àwọn kan nínú àwọn àlọ́ náà: Lydia, tí orúkọ ìbílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Umkasetemba. Èyí dùn mọ́ wa nínú. Gbogbo wa ni ó mọ̀ pé lẹ́nu àwọn ìyá àti ìyá-ìyá wa ni a ti gbọ́ àlọ́ jù, síbẹ̀ díẹ̀ ni ìwé àtijọ́ tí ó dárúkọ obìnrin tí ó pa á. Bí ẹ bá wá ìwé yìí nínú kátálọ́ọ̀gù lónìí, Callaway ni ẹ ó rí. Ẹ ṣí i, kí ẹ sì wo ìsàlẹ̀ àwọn àlọ́ náà, kí ẹ tó rí Lydia.

Ẹ̀rí kẹta tún wà, òun ni ó sì wúwo jù lọ́kàn wa. Wilhelm Bleek, ọmọ ilẹ̀ Jámánì pẹ̀lú, ni ó ń tọ́jú ilé-ìkàwé tí Gómìnà George Grey fi ta ìlú Cape Town lọ́rẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an sì ni kí ó máa ṣe kátálọ́ọ̀gù. Ní ọdún 1870 ó gbọ́ pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Breakwater tí wọ́n ń sọ èdè ǀxam, ọ̀kan nínú àwọn èdè ẹ̀yà San tí àwọn òyìnbó ń pè ní Bushman. Àwọn àmì tí ẹ rí níwájú orúkọ wọn dúró fún ìró ahọ́n tí kò sí nínú èdè wa, tí ó fẹ́ jọ ìgbà tí a bá ń pòṣé. Bleek tọrọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n díẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba kí wọ́n máa gbé ní ilé òun ní Mowbray, òun àti Lucy Lloyd, arábìnrin ìyàwó rẹ̀, sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀.

Àgbàlagbà kan wà láàárín wọn tí ó ń jẹ́ ǁKabbo, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe Àlá. Ìyà ẹ̀wọ̀n rẹ̀ parí ní ọdún 1871, ṣùgbọ́n ó dúró títí di ọdún 1873 láti máa sọ ìtàn àwọn baba rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń fà sí ilé, ó ń ro aya àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ń retí ìbọn kan tí a ṣèlérí fún un kí ó lè máa fi wá oúnjẹ nígbà ogbó. Síbẹ̀ Lloyd jẹ́rìí pé inú rẹ̀ máa ń dùn bí ó bá rò ó pé ìwé ni yóò mú kí ayé mọ ìtàn àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1876. Bleek ti kú ṣáájú rẹ̀ ní ọdún 1875, Lucy Lloyd ni ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ. Ìwé ìkọ̀wé wọn kún tó nǹkan bí 12,000 ojú-ewé. Kò rí ẹni tẹ apá kan nínú rẹ̀ títí di ọdún 1911, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti lé ní ẹni ọdún 75.

Lónìí kò sí ẹnì kan láyé tí ó ń sọ èdè ǀxam nílé rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà sì fẹ́ ṣe àmì orílẹ̀-èdè tuntun ní ọdún 2000, èdè yìí ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Níbo ni a ì bá ti mọ èdè náà, bí kò bá ṣe pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà sọ̀rọ̀, tí ẹnì kan sì jókòó kọ ọ́? A tún rí ohun kan tí a kò rí níbòmíràn: Bleek àti Lloyd kọ orúkọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Nítorí èyí, nígbà tí a ya àwòrán àwọn ojú-ewé náà tí a sì fi wọ́n sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe láti fi orúkọ ǁKabbo fúnra rẹ̀ wá àwọn ìtàn tí ó sọ. A mọ àwọn ọlọ́wọ̀ tí kátálọ́ọ̀gù kò dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n yìí ní orúkọ tirẹ̀ nínú kátálọ́ọ̀gù. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2021 iná jó ilé-ìkàwé yunifásítì Cape Town níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ìwé ìkọ̀wé náà wà. Ọ̀pọ̀ ìwé nípa ilẹ̀ Áfíríkà ṣègbé níbẹ̀, ṣùgbọ́n iná náà kò jó ìwé Bleek àti Lloyd. Bí ó bá tilẹ̀ jó wọn, àwòrán wọn ti wà ní ibòmíràn.

Ẹnì kan lè wí pé, Kí ni ti Súlù àti ǀxam sí wa, àwa ọmọ Yorùbá? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin náà wá àlọ́ tiwa wò. A. B. Ellis, ọ̀gá ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, tẹ ìwé kan jáde nípa àwa Yorùbá ní ọdún 1894, àlọ́ Ìjàpá sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ó rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan owó. Ẹ ó rí orúkọ Ellis pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ta ni ó jókòó ti ọ̀gágun náà tí ó sì sọ fún un bí Ìjàpá ti ṣe? Ẹni náà ní ìlú, ó ní ìyá tí ó pa àlọ́ náà fún un, kò sì sí nínú kátálọ́ọ̀gù.

Ọ̀nà àtiwá àlọ́ wa kì í ṣe ọ̀nà tààrà. Àwọn tí ó ṣe kátálọ́ọ̀gù kò fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ wa, nítorí náà kí ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i nígbà tí ẹ bá ń wá a. Orúkọ tí àwọn ará òde ń pè wá kò sì jẹ́ ọ̀kan. Nínú ìwé àtijọ́ kan, ẹ ó rí “Yariba” tàbí “Yarriba”. Ní Sàró, “Aku”. Ní Bràsíìlì, “Nagô”. Ní Kúbà, “Lucumí”. Kí ẹ so èyíkéyìí nínú wọn pọ̀ mọ́ “folk-lore”, tàbí “tales”, tàbí “fables”. Bí ìwé náà bá jẹ́ ti Faransé, “contes”. Bí ó bá jẹ́ ti Sípéènì, “cuentos”. Bẹ́ẹ̀ ni a ti rí iṣẹ́ Lydia Cabrera, obìnrin ará Kúbà kan tí ó tẹ ìwé àlọ́ àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ náà jáde ní èdè Faransé ní Paris ní ọdún 1936, tí ó sì tún tẹ̀ ẹ́ ní èdè Sípéènì ní ọdún 1940. Jicotea ni wọ́n ń pe ahun níbẹ̀, ọgbọ́n àrékérekè sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tí a kó kọjá òkun nínú ìdè kò lè di ẹrù, ṣùgbọ́n wọ́n gbé àlọ́ lọ sínú ọkàn wọn. Ní ìgbà mìíràn pẹ̀lú, ẹ ó bá orúkọ àbùkù pàdé nínú kátálọ́ọ̀gù àtijọ́, irú bí “Kafir” àti “Hottentot”. Ìwé ni kí ẹ fi wọ́n wá. Ẹ má ṣe fi wọ́n pe ènìyàn.

Títí dé ìhín, ó lè dàbí ẹni pé àwọn ará àtijọ́ nìkan ni a ń bá wí. Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, màmá àgbà kan wà ní àdúgbò ìjọ wa tí kò sí ẹni tí ó mọ àlọ́ tó o. Ọjà tí ó ń tà ni gbogbo ènìyàn fi ń pè é. Ní alẹ́ a máa ń kó àwọn ọmọ lọ sí iwájú ilé rẹ̀, bí ó bá ti ní “Ààlọ́ o!” gbogbo wa yóò dáhùn pé “Ààlọ̀!” A kọ àlọ́ 23 sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, a dì wọ́n pọ̀, a sì kọ ọ́ sí èèpo ìwé náà pé àwa ni a kó wọn jọ. Orúkọ ilé-ìwé wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀, orúkọ tiwa sì wà níbẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. A fò púpọ̀ nínú àwọn orin inú àlọ́ náà, nítorí pé ọwọ́ wa kò yá tó ohùn rẹ̀; a ní a óò padà wá kọ wọ́n.

A kò padà títí màmá fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan wá sí ilé-ìwé, ó sì rí ìwé náà lórí tábìlì. Ó ka àlọ́ kan tán, ó wo èèpo ìwé náà, ó sì yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ̀yin Tíṣà, àlọ́ ìyá wa nìyí. Níbo ni orúkọ wọn wà?” A wo ara wa, ojú tì wá, nítorí kì í ṣe pé a gbàgbé àtikọ orúkọ náà nìkan; a kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọmọ-ọmọ náà ni ó sọ ọ́ fún wa, tí a fi kọ ọ́ sí ojú-ewé àkọ́kọ́ ìwé náà. A kò tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, nítorí ó yẹ kí a kọ́kọ́ gba àṣẹ gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n àwọn orin náà ńkọ́? Ọmọ-ọmọ náà rántí díẹ̀. Ìyókù ti bá màmá lọ. Koelle tí à ń bi léèrè dárúkọ Ali Eisami ní ọdún 1854. Àwa tí a jẹ́ ọmọ onílé kò dárúkọ ìyá wa.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ gbogbo olùkọ́ pé kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní kátálọ́ọ̀gù àlọ́ tirẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé kan tó láti bẹ̀rẹ̀. Fún àlọ́ kọ̀ọ̀kan, kí a kọ nǹkan mẹ́fà wọ̀nyí sílẹ̀. Èkíní, orúkọ ẹni tí ó pa á ní kíkún, bí òun tàbí ẹbí rẹ̀ bá yọ̀ǹda. Èkejì, ìlú rẹ̀ àti bí wọ́n ti ń sọ Yorùbá níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ará Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú, kí a má ṣe yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sí ti Ọ̀yọ́. Ẹ̀kẹta, ọjọ́, oṣù àti ọdún. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí òun náà ti gbọ́ ọ, nítorí àlọ́ ní ìran bí ènìyàn ti ní ìran. Ẹ̀karùn-ún, orin rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, àti ègbè tí àwọn olùgbọ́ ń gbè. Bí fóònù bá wà, kí a gba ohùn náà sínú rẹ̀. Ẹ̀kẹfà, orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, àti ibi tí a tọ́jú rẹ̀ sí.

Bí ó bá jẹ́ inú ìwé àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti rí àlọ́ náà, kí a kọ orúkọ ìwé náà, ọdún rẹ̀ àti ojú-ewé. Lẹ́yìn èyí kí a ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kó àlọ́ jọ ti máa ń sọ ẹni tí ó pa á fún wọn. Bí orúkọ náà bá wà níbẹ̀, kí a mú un wá sínú kátálọ́ọ̀gù tiwa. Bí kò bá sí, kí a kọ ọ́ gbangba pé a kò dárúkọ apàlọ́, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Kí a má sì ṣe gbẹ́kẹ̀lé ibì kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọlu British Library ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì ṣeé ṣe láti wo kátálọ́ọ̀gù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di oṣù kìíní ọdún 2024. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, mélòó mélòó ni àpótí ìwé ilé-ìwé wa, tí ikán àti òjò ń dúró dè? Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ fi ọ̀kan sí ilé-ìwé, kí ẹ sì fi èkejì sí ibòmíràn.

A ti dá ọmọ tí ó bi wá léèrè lóhùn. A sọ fún un pé, rárá o, kì í ṣe òyìnbó náà ni ó pa àlọ́ náà. Ọmọ Bọ̀rnú kan tí ó ti ṣe ẹrú ní Ọ̀yọ́-Ilé ni ó pa á. Òyìnbó náà ni ó kọ ọ́, ó ṣeun tí ó kọ ọ́, ó sì tún ṣeun tí ó sọ ẹni tí ó pa á fún wa. Ọmọ náà mú ìwé rẹ̀, ó kọ orúkọ méjèèjì sílẹ̀, ti Ali Eisami sì ni ó fi ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bóyá òun lè kọ orúkọ ìyá-ìyá òun pẹ̀lú, nítorí àlọ́ mẹ́ta wà tí òun gbọ́ lẹ́nu wọn. A ní kí ó lọ bi wọ́n léèrè ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ó má sì ṣe fi í di ọ̀la.